Ọgbà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Wọ̀ ní Chilambwe

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, táyà kẹ̀kẹ́ ló ń tà tẹ́lẹ̀ ní ìlú wa Chilambwe, kò sì sí ohun tó burú nínú iṣẹ́ náà. Ìbò ló dé. Gladson Mtalimanja díje, ó wọ káńsù, àwọn kánsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi í jẹ Méyọ̀, nítorí pé òun nìkan ni aṣọ oyè bá lára mu. Mi ò purọ́. Aṣọ pupa gbàgẹ̀rẹ̀ kan ni, àwọn òyìnbó tó jọba lé wa lórí ló fi í sílẹ̀ lọ. Ó gùn, ó wúwo, ó sì fẹ̀ débi pé àwọn kánsẹ́lọ̀ tó kù máa ń pòórá sínú rẹ̀. Mtalimanja nìkan ló kún un. Ẹ̀wọ̀n ọrùn tó bá aṣọ náà rìn ń dán bíi wúrà, ṣùgbọ́n bí òógùn bá ti kàn án, ọrùn ẹni á di aláwọ̀ ewé.

Ẹlòmíràn á wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ ṣèpàdé, á sì bọ́ ọ sílẹ̀ bó bá délé. Tiwa kò bọ́ ọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ wo bọ́ọ̀lù. Ó wọ̀ ọ́ lọ ra ẹja. Ó wọ̀ ọ́ lọ gẹrun, nígbà tí onígbàjámọ̀ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ yọ ẹ̀wọ̀n ọrùn, ó ní kí ó gé irun náà yí ẹ̀wọ̀n ká.

Ẹni tó ń bu omi sí ìwà yìí kó lè dàgbà ni akọ̀wé àgbà káńsù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Nkhwazi. Bí Méyọ̀ bá sín, Nkhwazi á ní ìlú ti rí ìbùkún gbà. Bí Méyọ̀ bá ní oòrùn lónìí rọlẹ̀ díẹ̀, Nkhwazi á ní, "Ọlọ́lá Jùlọ, ojú yín ló ń tì í." Ẹ má rò pé Mtalimanja kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ó mọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tó dùn dà bí àga onítìmùtìmù. Bí ìdí bá ti mọ̀ ọ́n lára, àpótí á di ìyà.

Ní ọdún kan, wọ́n pe Méyọ̀ wa sí ìpàdé àwọn méyọ̀ ní ìlú òyìnbó kan lókè òkun. Ó lọ, ó sì padà dé. Bó ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n kó gbogbo ìlú jọ sí gbọ̀ngàn káńsù, nítorí òun ti rí nǹkan.

Ó dúró níwájú wa, ó gbá aṣọ oyè jọ, ó ní, "Ẹ̀yin ará Chilambwe, mo ti dé ibi tí ayé ń lọ, mo sì ti bá ayé níbẹ̀. Gbogbo ìlú tó mọ iyì ara rẹ̀ ló ní ọgbà ìgbafẹ́. Ìlú tí kò ní ọgbà ìgbafẹ́, ọkùnrin tó wọ kóòtù tí kò wọ ṣòkòtò ni."

Bàbá kan láti ẹ̀yìn ní, "Tiwa wá ńkọ́? Kóòtù gan-an kò sí."

Nkhwazi pàtẹ́wọ́ kí ẹ̀rín má baà ráyè, Méyọ̀ sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní Bwalo ni òun yóò sọ di ọgbà ìgbafẹ́ náà, orúkọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ Ọgbà Ìgbafẹ́ Mtalimanja, kì í ṣe pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìtàn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bwalo yìí ni gbangba ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú wa, lábẹ́ àwọn igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá. Ibẹ̀ làwọn àgbààgbà ti ń ta ayò tí a ń pè ní bawo, ibẹ̀ làwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń dúró de ọkọ̀, ibẹ̀ làwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọ̀rá dì, ibẹ̀ làwọn ìyàwó tuntun ti ń ya fọ́tò. Bí òkú bá kú, ibẹ̀ la ti ń pàdé kí a tó lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ ti mọ̀ pé ọgbà ìgbafẹ́ ni Bwalo láti ọjọ́ pípẹ́. Àṣìṣe rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Méyọ̀ ní ìjọba àwaarawa lòun ń ṣe, òun fẹ́ gbọ́ ohùn ará ìlú. Kí ẹni tó bá fara mọ́ àbá náà pàtẹ́wọ́. Kí ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ó rọra pa á.

Bí wọ́n ṣe ń ka àtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin àgbà kan dìde níwájú. Màmá Nambewe ni, ìyá Tadala, ìyàwó Méyọ̀. Agbẹ̀bí ni ní ilé ìwòsàn ìlú kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí láyé. Ní ilẹ̀ wa, ọkọ ló ń kó wá bá ìyàwó. Orí ilẹ̀ ìdílé Nambewe ni Méyọ̀ kọ́ ilé sí, bó bá sì bínú jáde níbẹ̀ lónìí, àpò aṣọ rẹ̀ nìkan ni yóò gbé. Nítorí náà, nígbà tí Méyọ̀ rí i pé ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

"Ọkọ Tadala," ni màmá wí, "ọ̀rọ̀ yín dùn. Níbo la ó máa jókòó sí?"

Méyọ̀ nu ojú. "Màmá... mo fẹ́ sọ pé, ìyá àgbà tó ń san owó orí... ìbéèrè yín ṣe pàtàkì. A ó gbé ìgbìmọ̀ dìde tí yóò wádìí bó ṣe ṣe pàtàkì tó."

"Èmi kò bèèrè bó ṣe ṣe pàtàkì tó. Ìdí ni mo ní, mo ń bèèrè ibi tí màá gbé e sí."

Ẹ̀rín bú. Nkhwazi dìde wéré, ó ní nínú ọgbà ìgbafẹ́ ti òde òní, èèyàn kì í jókòó bí ẹni tí iṣẹ́ sú. Ńṣe ló ń gba afẹ́ lórí ìdúró. Gbogbo kánsẹ́lọ̀ pàtẹ́wọ́. Ìpàdé parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n gé àwọn igi ọ̀pọ̀tọ́. Méyọ̀ ló pàṣẹ rẹ̀, nítorí nígbà tó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì láti wo bí ọgbà yóò ṣe rí, ó ní àwọn igi ń dí òun lójú, òun kò rí ọgbà. Ọ̀kan nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ rọra ní, "Ṣùgbọ́n Ọlọ́lá Jùlọ, òjìji ńkọ́?" Nkhwazi dá a lóhùn pé òjìji yẹn gan-an ni ọ̀tá ìlọsíwájú, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí bú ìjọba. Igi ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo rẹ̀ sì ń dé gbogbo ilé. Àwọn ẹyẹ tó ń gbé orí wọn fò yí ká ojú ọ̀run títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò bà sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kó koríko olówó ńlá wá láti ìlú mìíràn, wọ́n tẹ́ ẹ bíi rọ́ọ̀gì. Wọ́n kọ́ géètì kan síwájú rẹ̀, géètì tó ga ju ilé ìjọsìn lọ, orúkọ Mtalimanja sì wà lórí rẹ̀ ní lẹ́tà tí afọ́jú lè fọwọ́ kà láti òdìkejì títì. Ibi tí agbára káńsù mọ nìyẹn. Ọgbà tí kò ní ọgbà ni wọ́n kọ́: géètì ńlá wà níwájú, ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù sì ṣí sílẹ̀ gbayau. Síbẹ̀ wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ kan, Laison lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin gíga tó máa ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Lálaalẹ́ ni Laison máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti géètì náà pa, á gbọn ọ́n wò bóyá ó le, á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sílé.

Wọ́n rì pátákó kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ohun tí wọ́n kọ sí i rèé: KÒ SÍ ÌJÓKÒÓ. KÒ SÍ ÌDÚRÓ PẸ́. KÒ SÍ ERÉ. Ẹ MÁ TẸ KORÍKO. Ẹ GBÁDÙN ỌGBÀ YÍN.

Òfin ni, káńsù ló fọwọ́ sí i. Méyọ̀ sì sọ ọ́ lórí rédíò ìlú pé ẹni tó bá rú u, ì báà jẹ́ ìbátan òun, Laison gbọ́dọ̀ mú un. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí àwọn èèyàn ńlá ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò.

Koríko náà kò bá wa kẹ́gbẹ́ rárá. Omi ẹ̀rọ ìlú wa máa ń yọjú bí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti wọlé. Nígbà tí koríko rọ tó di àwọ̀ ìyẹ̀pẹ̀, ẹ̀rù ba Méyọ̀, nítorí mínísítà ti ṣèlérí láti wá ṣí ọgbà fúnra rẹ̀. Ó pe ìpàdé pàjáwìrì. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa bomi rin ín. Wọ́n ní kó jókòó. Nkhwazi ló mú ìmọ̀ràn tó gbà wá: kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà. Báyìí ni àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ṣe kó bùrọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì kun koríko ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé láti ibi dé ọ̀hún. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ewúrẹ́ ìlú ń rìn kiri pẹ̀lú ẹnu aláwọ̀ ewé, ojú wọn sì fi hàn pé wọ́n kábàámọ̀.

Ẹ̀rín ni gbogbo èyí títí ó fi kan Bàbá Yohane.

Bàbá yìí ló mọ ayò ta jù ní Bwalo. Òun nìkan ló ń gbé ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ wá iṣẹ́ sí Joni, ní ilẹ̀ gúúsù. Láràárọ̀ ni ó máa ń wá sí abẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, ibẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, nítorí kò sẹ́ni tó máa jẹun níwájú rẹ̀ tí kò ní fún un. Nígbà tí wọ́n gé igi, ó dúró sílé. A kò tètè fura. Màmá Nambewe ló lọ wò ó, ó bá a lórí àpótí, ó kọjú sí ògiri.

"Yohane, kí lẹ ń wò?"

"Ògiri."

"Ìgbà wo lẹ jẹun?"

Bàbá ronú títí. "Ta ni mo máa bá jẹ ẹ́?"

Màmá dáná, ó ro nsima, òkèlè àgbàdo ilẹ̀ wa, ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó lọ sílé, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ apá, ó sì kọrí sí Bwalo. Ó tẹ́ ẹní náà sórí koríko ọlọ́dà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté ọ̀pọ̀tọ́, ó na ẹsẹ̀, ó jókòó.

Laison sáré wá. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Rárá o."

"Màmá, òfin ni."

"Mo gbọ́. Ẹsẹ̀ lo fi wáyé, o mọ̀? Ojoojúmọ́ lo ń fún ìyá rẹ ní wàhálà láti ìgbà yẹn. Èmi ni mo fà ọ́ jáde. Tó o bá fẹ́ fà mí jáde báyìí, fà mí."

Omi lé sójú Laison, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kó mú ẹni tó bá jókòó. Ó bá màmá gbé ẹní, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń mú ìyá àgbà sọdá títì, àwọn méjèèjì sì rìn lọ sí káńsù.

Nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì Méyọ̀, Mtalimanja dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde. "Laison, kí lo ṣe yìí?"

"Ọlọ́lá Jùlọ, ẹ ní ì báà jẹ́ ìbátan yín."

Méyọ̀ yíjú sí Nkhwazi. Bí Nkhwazi bá ti ní "ẹ jẹ́ kí màmá máa lọ sílé" ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún púpọ̀ sọ ohun tó dùn, ohun tó yẹ kò rọrùn fún un láti sọ mọ́. Ó ní, "Ọlọ́lá Jùlọ, àwọn ọba ayé àtijọ́ kan ti fi àna wọn rúbọ fún òfin. Orúkọ wọn kò parẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Mtalimanja lórí. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì sọ fún ògiri pé ẹni tó rú òfin yóò wà ní yàrá ìgbàlejò káńsù títí yóò fi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ koríko àti lọ́wọ́ ìjọba.

Màmá Nambewe wo yàrá ìgbàlejò. Àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀, fáànù ń yí, omi tútù wà nínú ẹ̀rọ. Ó ní, "Ó ti dáa. Màá dúró."

Ní alẹ́, Méyọ̀ bá ìyàwó rẹ̀ Tadala tó ń di oúnjẹ. "Ṣé tèmi nìyẹn?" ni ó bèèrè.

"Ti màmá ni. Ẹni tó bá ti ìyá mi mọ́lé, kó lọ jẹ òfin." Bó ṣe gbé oúnjẹ jáde nìyẹn, kò sì sùn sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Yohane gbọ́ pé Nambewe wà ní káńsù nítorí òun. Ó gbé ọpọ́n ayò rẹ̀, ó wá jókòó tì í. Àwọn alátakò rẹ̀ nínú ayò gbọ́ pé ó ti jáde, wọ́n tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tí oòrùn ń pa nídìí ọkọ̀ rí i pé èèyàn wà lábẹ́ fáànù, wọ́n wọlé. Àwọn obìnrin tó ń ta thobwa, ohun mímu tí a fi àgbàdo ṣe, gbé ìkòkò wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ wá ń gbá bọ́ọ̀lù ní ibi tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ń gbé ọkọ̀ sí. Ní Sátidé, ìyàwó tuntun kan ya fọ́tò lórí àtẹ̀gùn káńsù, ó sì rẹwà níbẹ̀ gidigidi. Òfin kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí káńsù. Bwalo nìkan ni òfin mọ̀.

Ẹ̀yin á ní, Méyọ̀ kò rí wọn ni? Ó rí wọn. Ó yọjú lójú fèrèsé òkè, ó rí ọ̀pọ̀ èèyàn, ó bi Nkhwazi pé kí ni wọ́n wá ṣe.

"Ọlọ́lá Jùlọ," ni Nkhwazi wí, tí òun pẹ̀lú kò mọ̀, "ìfẹ́ yín ló gbé wọn wá. Wọn kò lè jìnnà sí yín mọ́."

Inú Mtalimanja dùn. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ló máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ pupa, á ju ọwọ́ sí wọn, á sì bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ọ̀la. Wọ́n máa ń fetí sí i pẹ̀lú sùúrù, bí èèyàn ṣe ń fetí sí òjò lórí páànù, ẹni tí ayò kàn á sì ta á. Ọ̀rọ̀ àforíjì di ohun ìgbàgbé. Ìgbà méjì ni wọ́n sọ fún Màmá Nambewe pé ó lè máa lọ sílé. Ó ní rárá, ẹ̀wọ̀n òun kò tíì pé.

Ọjọ́ mínísítà kò. Láti òwúrọ̀ kùtù, Méyọ̀ ti dúró sídìí géètì rẹ̀ ní Bwalo, Nkhwazi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn onífèrè ọlọ́pàá lẹ́yìn wọn. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ará ìlú wá kún inú ọgbà kí mínísítà lè rí bí wọ́n ṣe ń gbádùn. Àwa náà lọ. A kò fẹ́ kí ojú ti ìlú wa níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ibẹ̀, Laison na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ kò lè wọlé."

"Méyọ̀ ló ní ká wá."

"Méyọ̀ náà ló ní kí ẹ má tẹ koríko. Èyí tó kọ sílẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé."

Méyọ̀ wà ní òdìkejì ọgbà nídìí géètì, ariwo fèrè kò jẹ́ kó gbọ́. A dúró díẹ̀ nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà a yí padà, a lọ sí káńsù níbi tí òjìji wà.

Báyìí ni mínísítà ṣe wọ ìlú. Dírẹ́bà rẹ̀ kò mọ ọ̀nà. Ó bi ọlọ́kadà ẹlẹ́sẹ̀ kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò, pé níbo ni ọgbà ìgbafẹ́ ará ìlú wà. Ọmọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ọgbà ni ẹ ń wá ni, àbí ibi tí ará ìlú ti ń gbafẹ́?"

"Ibi tí ará ìlú ti ń gbafẹ́."

"Ẹ máa lọ tààrà. Ibi tí ẹ bá ti rí ìyá àgbà tó na ẹsẹ̀ sórí àga, ẹ ti dé."

Mínísítà sọ̀ kalẹ̀ síwájú káńsù. Ó rí àwọn àgbà nídìí ayò, ó rí àwọn ọmọ tó ń sáré, ó rí àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lábẹ́ fáànù, ó sì rí ìyàwó tuntun mìíràn lórí àtẹ̀gùn. Àwọn oníròyìn tó bá a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣí ọgbà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, èyí ni àkọ́kọ́ tí òun bá èèyàn nínú rẹ̀. Màmá Nambewe fún un ní thobwa. Bàbá Yohane ní kí ó wá ta ayò kan, ó sì nà án mọ́lẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

"Ta ló ṣètò ibí yìí?" ni mínísítà bi màmá.

"Oòrùn ni," ni màmá wí.

Mínísítà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n bá a yọ ríbọ́nù kan lára ọkọ̀ ìyàwó, ó gé e, ó ní òun ti ṣí ọgbà ìgbafẹ́ Chilambwe láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tì í mọ́ ará ìlú lójú. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ, nítorí ó tún ní afárá kan láti ṣí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bwalo. Ọ̀sán ti gan. Aṣọ pupa náà, ilẹ̀ olótùútù ni òyìnbó ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń rán an. Òógùn ń ṣàn lára Méyọ̀, ẹ̀wọ̀n sì ń sọ ọrùn rẹ̀ di aláwọ̀ ewé. Àwọn onífèrè ti dákẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, Ọlọ́lá Jùlọ rú òfin ara rẹ̀, ó jókòó sórí koríko. Ọ̀dà ti rọ̀ nínú oòrùn. Ó ṣì jókòó síbẹ̀ nígbà tí rédíò ọlọ́pàá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mínísítà ti ṣí ọgbà tó gbámúṣé jù lọ nílẹ̀ wa.

Ó fò dìde, ó sì gba àárín ìlú lọ sí káńsù pẹ̀lú ìbínú. Iwájú rẹ̀ pupa, ẹ̀yìn rẹ̀ di aláwọ̀ ewé láti ìbàdí dé gìgísẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. A kàn ń yà fún un lọ́nà, a ń wò ó bó bá kọjá.

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn. "Gbogbo yín, ẹ jáde. Ọ́fíìsì mi ni ibí."

Màmá Nambewe ní, "Ọkọ Tadala, mínísítà ti ṣí i. Ta ni wá tí a máa tì í?"

Méyọ̀ yíjú sí Nkhwazi, ó ń retí ohùn tí kì í já a kulẹ̀. Nkhwazi wo àwọn oníròyìn tó kù lẹ́yìn, ó wo ìlú, ó wo ìdí aṣọ pupa náà. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Mtalimanja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀ ń dí àwọn tó ń gbafẹ́ lọ́wọ́."

Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ "Ọ̀gbẹ́ni". Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi kò jáde.

Káńsù jókòó láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn láti yọ ọ́ nípò. Nítorí gbọ̀ngàn kún fún èèyàn, àárín àwọn tó ń ta ayò ni wọ́n ti ṣèpàdé. Bí wọ́n ṣe ń bi kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan pé ṣé kì í ṣe òun náà ló pàtẹ́wọ́ sí gígé igi, èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "Mo rọra pa á ni." Gbogbo ọwọ́ ló dìde. Wọ́n gba ẹ̀wọ̀n, wọ́n gba aṣọ. Kò sí kánsẹ́lọ̀ tí aṣọ náà bá lára mu mọ́, wọ́n sì ká a sínú àpótí.

Nígbà náà ni ẹjọ́ ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Chiwaula, ẹ̀gbọ́n Màmá Nambewe, ni olórí ìdílé, òun ló sì fọwọ́ sí ìgbéyàwó Tadala. Ó pe ọkọ ọmọ wọn, ó ní kó jókòó sórí ẹní. Mtalimanja jókòó nínú ṣẹ́ẹ̀tì lásán, ó sì kéré.

Ó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin àgbà ọlọ́lá, lọ́jọ́ mánigbàgbé tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òkèèrè..."

"Dúró," ni Chiwaula wí. "Àwa kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí lo rí níbẹ̀ tó o fi wá gé igi wa?"

Mtalimanja wo ẹní tó jókòó lé. Tadala jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò wò ó.

"Ìpàdé náà kò yé mi," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Mi ò mọ ẹnì kankan. Mo jáde, mo rí ibì kan tí koríko wà, àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi. Èmi náà dùbúlẹ̀. Mo sùn. Láti ìgbà tí mo ti ń ta táyà, mi ò sùn báyẹn rí. Nígbà tí mo jí, mo ní màá mú un lọ sílé."

"Abẹ́ igi lo ti sùn?" ni Màmá Nambewe bèèrè.

"Abẹ́ igi ni, màmá."

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa nínú gbọ̀ngàn?"

"Ó dà bí ẹni pé ó kéré jù fún Méyọ̀ láti sọ."

Chiwaula àti àbúrò rẹ̀ wo ara wọn. Tadala ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá jẹ́ Méyọ̀ ló fẹ́ padà wọlé òun, kó lọ sùn sí káńsù. Tó bá jẹ́ ẹni tó sùn lábẹ́ igi ni, òun á rò ó. Ìdájọ́ Màmá Nambewe kò gùn: kí ó lọ hú koríko ọlọ́dà náà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, bí òjò bá sì dé, kí ó gbin ọ̀pọ̀tọ́ padà.

Òjò dé. A ń kọjá ní Bwalo láràárọ̀, a ń rí i tó ń gbẹ́ ihò, tí Màmá Nambewe dúró tì í tó ń sọ pé ihò náà kò jìn tó. Ní ọjọ́ kan, Laison, tí káńsù ti dá dúró lẹ́nu ìṣọ́, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ èrò tó ń gùn báyìí. Ó dín eré kù. "Ẹ kú iṣẹ́, Gladson."

Mtalimanja gbé orí sókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìyókù orúkọ náà. Ìyókù kò dé. Ó nu ẹrẹ̀ lójú, ó ní, "O ṣeun, Laison," ó sì tẹ̀ padà sínú ihò rẹ̀.